Ọpọ́n Ìwẹ̀ Onígi ti Ilẹ̀ Jàpáànù
Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé omi kan náà ni bàbá, ìyá àti ọmọ ń wọ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù, mo ní, ‘Ọ̀bùn ni wọ́n!’ Àṣé èmi ni mi ò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ìta ọpọ́n ni wọ́n ti ń fi ọṣẹ wẹ̀, tí wọ́n ń fi omi ṣan ara dáadáa. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kan omi inú rẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ ló ń wọlé, tí yóò jókòó títí omi yóò fi dé èjìká rẹ̀. Ìsinmi ló wá ṣe níbẹ̀. Omi náà sì gbóná, ó tó ìwọ̀n Celsius 40 sí 42! Bó bá jáde, wọ́n á fi ìdérí bò ó, kó má baà tutù de ẹni tó kàn. Hinoki, igi olóòórùn dídùn, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má sá a sóòrùn o: bí pákó rẹ̀ bá gbẹ jù, á súnkì, á sì máa jò.