Gìtá Gibson J-200: irú èyí tí Àlùfáà Gary Davis ń ta

Gìtá olókùn irin mẹ́fà nìyí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Igi fífúyẹ́ ni iwájú rẹ̀, igi líle ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Irú rẹ̀ ni Davis (1896–1972) fi ń kọrin ìyìn. South Carolina ni wọ́n bí i sí, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ láti kékeré. Ó ta gìtá káàkiri ìlú kó tó dé òpópónà Harlem ní New York. Àwọn kan á ní alágbe lásán ni, kì í ṣe olùkọ́. Irọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó kí ó lè kọ́ wọn nílé rẹ̀; Stefan Grossman, ọ̀kan nínú wọn, kọ ohun tó kọ́ sínú ìwé ìkọ́ni. Báwo wá ni afọ́jú ṣe ń mọ ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ṣì í? Etí ni, ẹ jàre. Ìró gìtá kì í fi àṣìṣe pamọ́. Ẹ padà wo gìtá náà: pẹlẹbẹ olódòdó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀. Òun ló ń dáàbò bo igi lọ́wọ́ èékánná. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni Davis fi ń ta okùn, síbẹ̀ ìró rẹ̀ dà bíi ti èèyàn méjì.