Ipa ìmọ̀-ara-ẹni àti ìfarabalẹ̀kíyèsí nínú kíkọ́ àlá àmọ̀lá

Àlá àmọ̀lá ni àlá tí ẹni tí ó ń lá a mọ̀, nígbà tí ó ṣì ń sùn, pé àlá ni òun ń lá. Oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, àlá náà kò sì tíì parí. Ohun tí ó yí padà ni pé ọkàn rẹ̀ ti mọ ipò tí ó wà. Ìmọ̀-ara-ẹni ni agbára tí ènìyàn ní láti mọ ohun tí òun ń rò, bí nǹkan ṣe rí lára òun, àti ipò tí òun wà ní àkókò náà gan-an. Ìfarabalẹ̀kíyèsí ni kí ènìyàn mọ̀ọ́nmọ̀ máa fi iyè sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ara àti ọkàn rẹ̀, láìdá a lẹ́jọ́ pé ó dára tàbí pé kò dára. Àwọn méjèèjì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n tí a fi ń kọ́ àlá àmọ̀lá, nítorí pé ó ṣòro fún ọkàn tí kì í yẹ ara rẹ̀ wò lójúmọmọ láti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú oorun. Síbẹ̀, ìwádìí fi hàn pé ìfarabalẹ̀kíyèsí nìkan kò tó: alálàá tún gbọ́dọ̀ rántí, nínú àlá, ohun tí ó ti pinnu kí ó tó sùn.

Ìtumọ̀

Mímọ̀ pé àlá ni àlá, ọ̀tọ̀ ni. Dídarí àlá, ọ̀tọ̀ ni. Alálàá lè mọ̀ pé òun ń lálàá, kí ó má sì lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ó lè máa fò bí ẹyẹ lójú àlá láìmọ̀ rárá pé àlá ni. Mímọ̀ ni ó ń sọ àlá di àmọ̀lá, kì í ṣe agbára tí alálàá ní lórí rẹ̀.

Ìmọ̀ náà sì ní ìwọ̀n. Ẹlòmíràn á fura fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìtàn àlá á tún gbé e lọ. Ẹlòmíràn á rántí ibi tí ó sùn sí àti ohun tí ó fẹ́ ṣe kí oorun tó gbé e. Ní ọdún 2016, David Saunders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 34 jọ, èyí tí a ti ṣe láàárín àádọ́ta ọdún. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ènìyàn 55 nínú 100 ni ó ti lá irú àlá yìí ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, àti pé nǹkan bí 23 nínú 100 ni ó ń lá a lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ti ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi pé nígbà púpọ̀ tí ènìyàn bá ń sùn, ohun kan nínú ọkàn rẹ̀ a máa sọ fún un pé àlá ni ohun tí ó ń rí. Ní ọdún 415, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, sọ nínú lẹ́tà kan ìtàn oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Gennadius. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fara hàn án lójú àlá, ó sì bi í pé níbo ni ara rẹ̀ wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Gennadius dáhùn pé orí ibùsùn òun ni. Augustine lo ìtàn náà láti fi sọ̀rọ̀ nípa ìyè lẹ́yìn ikú, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí níhìn-ín ni pé ìbéèrè ni ó jẹ́ kí alálàá náà mọ ibi tí òun wà.

Nínú ẹ̀sìn Búdà ti ilẹ̀ Tíbẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ nípa àlá jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí a so mọ́ orúkọ Naropa, olùkọ́ ará Íńdíà tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkànlá. A máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó máa sọ fún ara rẹ̀ ní ọ̀sán pé ohun gbogbo tí òun ń rí dà bí àlá, kí èrò náà lè bá a wọ inú oorun.

Ní ilẹ̀ Faransé, Marquis d'Hervey de Saint-Denys, ọ̀mọ̀wé nípa èdè àti ìwé ilẹ̀ Ṣáínà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlá rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 13. Ó tẹ ìwé jáde lórí àlá àti bí a ṣe lè darí rẹ̀ ní ọdún 1867. Frederik van Eeden, òǹkọ̀wé àti oníṣègùn ọpọlọ ará Nẹ́dálándì, ni ó jẹ́ kí orúkọ tí àwọn onímọ̀ òde òní ń pe irú àlá yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì tàn kálẹ̀, nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1913. Ó ka 352 irú àlá bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àlá tirẹ̀.

Ẹ̀rí láti inú oorun

Yorùbá a máa wí pé àlá tí ajá bá lá, inú ajá ni ó ń gbé. Ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ẹnu alálàá nìkan ni wọ́n ti lè gbọ́ ọ, ẹni náà kò sì lè sọ̀rọ̀ àyàfi bí ó bá jí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹni tí ó ní òun mọ̀ pé òun ń lálàá ti jí fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ojú ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Ìgbà tí a ń lá àwọn àlá tí ó ṣe kedere jù ni ìgbà oorun REM, tí ẹyinjú ń yí síwá sẹ́yìn kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Iṣan apá àti ẹsẹ̀ kì í lè ṣiṣẹ́ ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n iṣan ojú ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne so ẹ̀rọ mọ́ Alan Worsley bí ó ti ń sùn. Wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn pé bí Worsley bá ti mọ̀ pé òun ń lálàá, kí ó yí ojú sí òsì àti sí ọ̀tún ní iye ìgbà kan pàtó. Àmì náà jáde lórí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ̀rọ kan náà ń fi hàn pé oorun REM ni ó ń sùn. Stephen LaBerge ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ nípa ti Hearne, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1981.

Ní ọdún 2021, yàrá ìwádìí mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Nẹ́dálándì ròyìn pé àwọn bi ènìyàn ní ìbéèrè nígbà tí ó ń lálàá. Ènìyàn 36 ni ó kópa. Àwọn kan fi ojú tàbí iṣan ojú dáhùn ìṣirò kékeré, bí ìgbà tí a bá yọ 6 kúrò nínú 8, tí wọ́n sì gbà á. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni kò ní èsì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní èsì tó láti fi hàn pé alálàá lè rántí ohun tí a bá a sọ kí ó tó sùn.

Ìdí tí alálàá kì í fi í fura

Nígbà oorun REM, apá ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀lára àti ìran a máa ṣiṣẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn apá kan níwájú ọpọlọ, tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, a máa rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé tí a gbé dàgbà fi lè ní yàrá tí kò ní rí lójú àlá, tí a ó sì wọ̀ ọ́ láìbéèrè ohunkóhun. Ojú ń rí ohun tí kò bá ìṣe ayé mu. Ọkàn tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ni ó ń sinmi.

Ní ọdún 2015, Elisa Filevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi àwọn tí àlá wọn ní ìmọ̀ púpọ̀ wé àwọn tí tiwọn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ní apá iwájú pátápátá nínú ọpọlọ, ẹran ọpọlọ aláwọ̀ eérú pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ lára àwọn ti ìṣáájú. Apá kan náà sì ṣiṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ nígbà tí a ní kí wọ́n máa ṣọ́ èrò ọkàn wọn lójú ayé. Èyí kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó fa èkejì, ṣùgbọ́n ó bá a mu pé agbára kan náà ni a fi ń ṣọ́ èrò lọ́sàn-án tí a sì fi ń dá àlá mọ̀ lóru.

Ìmọ̀-ara-ẹni lójúmọmọ

Paul Tholey, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Jámánì, dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ lórí èrò yìí. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀ léèrè nígbà púpọ̀ lójúmọ́ pé: “Ṣé mo ń lálàá ni àbí mi ò lálàá?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ọfọ̀ tí a ń sọ lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wo àyíká rẹ̀ bóyá ohun kan wà tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, kí ó sì rántí bí ó ṣe dé ibi tí ó wà. Alálàá kì í sábà lè sọ bí òun ṣe dé ibi tí òun wà.

Àwọn àyẹ̀wò mìíràn wà tí a lè fi ti ìbéèrè náà lẹ́yìn. A lè ka ohun tí a kọ sílẹ̀, kí a gbójú kúrò, kí a tún un kà, nítorí pé ọ̀rọ̀ a máa yí padà lójú àlá. A lè fi ọwọ́ dí imú kí a gbìyànjú láti mí: ẹni tí ó bá ṣì lè mí ń lálàá ni. Ẹni tí ó ń ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí pẹ̀lú ìdánilójú pé òun kò lálàá kò tíì ṣe é rárá. Yóò ṣe é bákan náà lójú àlá, yóò sì kùnà láti mọ̀.

Ìfarabalẹ̀kíyèsí àti ohun tí ìwádìí fi hàn

Ìfarabalẹ̀kíyèsí ti inú àṣàrò ẹ̀sìn Búdà wá. Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí a fi ń dín ìdààmú ọkàn kù, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts.

Ní ọdún 2015, Tadas Stumbrys, Daniel Erlacher àti Peter Malinowski rí i pé àwọn tí ó ní ìfarabalẹ̀kíyèsí púpọ̀ lójú ayé a máa lá àlá àmọ̀lá ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ó ti mọ àṣàrò ṣíṣe nìkan ni ìbátan náà ti hàn. Ní ọdún 2019, Benjamin Baird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde tí ó túbọ̀ la ọ̀rọ̀ náà yé ni. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe àṣàrò fún ọdún pípẹ́ ń lá irú àlá yìí ju àwọn tí kì í ṣe àṣàrò lọ. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ náà kò rí àfikún kankan.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a lè rí fà yọ. Èkíní ni pé ó lè jẹ́ pé ọdún púpọ̀ ni ìwà yìí ń gbà kí ó tó wọ inú oorun, tàbí pé irú ènìyàn kan ni ó máa ń dúró ti àṣàrò pẹ́. Èkejì ni pé ẹni tí kò lè dúró de ọdún púpọ̀ nílò ọgbọ́n tí ó dojú kọ àlá gan-an.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Àlá kíkọ sílẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe tètè dìde bí a bá jí. Kí a kọ́kọ́ rántí, kí a sì kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á rí i pé àwọn ènìyàn, ibi tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ń padà wá. Àwọn yìí ni àmì tí yóò máa fura sí.

LaBerge fi ìrántí ìpinnu kún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jí láti inú àlá, yóò rántí àlá náà. Bí ó ti ń padà sùn, yóò sọ fún ara rẹ̀ pé nígbà mìíràn tí òun bá ń lálàá, òun yóò rántí pé àlá ni, yóò sì fọkàn yàwòrán ara rẹ̀ nínú àlá náà bí ó ti ń dá a mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pinnu pé bí òun bá kọjá lọ́jà, òun yóò ra iyọ̀.

Denholm Aspy ti Yunifásítì Adelaide ní Ọsirélíà dán ọgbọ́n wọ̀nyí wò pẹ̀lú ènìyàn 169 ní ọdún 2017. Àwọn kan pa mẹ́ta pọ̀: àyẹ̀wò ọ̀sán, jíjí lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, àti ìrántí ìpinnu LaBerge. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgbìyànjú wọn yọrí sí rere ní ìgbà 17 nínú 100. Fún àwọn tí oorun padà gbé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tó 46 nínú 100. Àyẹ̀wò ọ̀sán nìkan kò mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ìfarabalẹ̀ ṣe pàtàkì lẹ́yìn tí alálàá bá ti mọ̀ pẹ̀lú. Ayọ̀ òjijì a máa jí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń gbà á nímọ̀ràn pé kí ó rọra, kí ó fi ọwọ́ kan ra èkejì nínú àlá náà, kí ó sì fiyè sí bí ó ṣe rí lára. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò lálàá pé òun ti jí. Nítorí náà ni ó fi dára kí ó ṣe àyẹ̀wò nígbàkigbà tí ó bá jí.

Àǹfààní àti ewu

Ẹni tí àlá búburú ń yọ lẹ́nu léraléra ni ó lè jàǹfààní jù. Bí ó bá mọ̀ pé àlá ni, ó lè dúró kí ó kojú ohun tí ń lé e dípò kí ó máa sá. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà ka ọ̀nà yìí mọ́ àwọn ìtọ́jú tí a lè lò fún àìsàn àlá búburú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú mìíràn, tí aláìsàn ti ń tún ìtàn àlá rẹ̀ rò sí rere ní ọ̀sán, ni ó fọwọ́ sí jù.

Ewu tí ó wọ́pọ̀ jù ni àìsùn tó. Jíjí láàárín òru ń gé oorun, ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè ní òwúrọ̀ kò sì gbọdọ̀ máa ṣe é lóròòru. Ó tún lè mú kí ènìyàn jí kí ara rẹ̀ má sì tíì lè mira, èyí tí ó ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ní àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ó dá ohun tí ó jẹ́ òótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́dọ̀ bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ kí ó tó dán an wò. Ìbéèrè bóyá ayé tí a wà jẹ́ àlá, tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn, lè di ìnira fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.