Kọ̀ǹpútà inú kẹ́ẹ̀gì: ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀

Oníṣòwò Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, lè sọ kẹ́ẹ̀gì òróró di ilé kọ̀ǹpútà. Jerry ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, BloLab sì ti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Kùtọnú.

Wọ́n á la kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20, wọ́n á to bọ́ọ̀dù, háàdì dísíìkì àti páwà páàkì àlòkù sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi Linux ọ̀fẹ́ sí i. Ó tó kọ lẹ́tà, ó tó ṣírò ọjà.

Ẹ má lo kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, nítorí iná. Ẹ dá ihò sí i lára, kí ẹ fi fáànù sí i, torí ike kì í gbé ooru jáde bí irin. Ẹ dán ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ti kú lè jẹ èrè yín run.