Ṣé o mọ̀? Òjò Bahia ló bí ìwé yìí

Ṣé o mọ̀ pé Brazil ni èrò ìwé Children of Blood and Bone ti sọ sí Tomi Adeyemi lọ́kàn? Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Harvard ló ti kàwé. Ó lọ ṣèwádìí ní Salvador, ní Bahia, ni òjò bá lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Àwòrán àwọn òrìṣà ló bá níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Adéyẹmí, ó dìgbà tó dé Brazil! Ọdún 2018 ni ìwé náà jáde. Zélie, akọni obìnrin inú rẹ̀, ọmọlẹ́yìn Ọya ni, ọfọ̀ Yorùbá tòun tàmì ohùn ló sì fi ń pe ẹ̀mí òkú. Àwa náà kúkú so Ọya mọ́ egúngún.