Àwọn Iṣan Tó Ń Gbé Ọmọ Odó

Nínú gbogbo oríkèé ara, kò sí èyí tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tó èjìká. Iṣẹ́ mi ni títọ́jú iṣan àti oríkèé, ó sì wù mí kí olúkúlùkù mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ ara rẹ̀.

Orí eegun apá rí roboto, ṣùgbọ́n kòtò tó jókòó sí kò jìn. Iṣan mẹ́rin ló dì í mú kó má baà yẹ̀: supraspinatus, infraspinatus, teres minor àti subscapularis. Deltoid ni iṣan ńlá tó bo èjìká, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gún àgbàlagbà lábẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ wo ẹni tó ń gúnyán. Bó bá ń gbé ọmọ odó, deltoid àti supraspinatus ló ń gbé apá sókè. Bó bá ń sọ ọ́ kalẹ̀, latissimus dorsi láti ẹ̀yìn àti pectoralis major láti àyà ń fa apá wálẹ̀, triceps sì ń na ìgbọ́nwọ́. Biceps ló ń ká a.

Supraspinatus ló máa ń já jù, torí ó ń gba ààyè tóóró kọjá lábẹ́ eegun. Bí ẹ kò bá lè gbé apá yarun, tàbí tí èjìká ń dùn yín lóru tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, ẹ má fi ìpara nìkan tàn án. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn.