Àwọn Urhobo Láàárín Wa ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ pé àgọ́ Urhobo wà káàkiri oko Ìkálẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ohun tí ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ọ̀pẹ ni. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń wá epo pupa àti èkùrọ́ lójú méjèèjì, igbó Ìkálẹ̀ kún fún ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Àwọn Urhobo sì mọ iṣẹ́ ọ̀pẹ dunjú. Wọ́n wá láti apá ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Delta lónìí: ọkùnrin ń fi igbà gun ọ̀pẹ, obìnrin ń gbọ́n epo lójú omi, ó sì tún ń pa èkùrọ́. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni, kí ó gun ọ̀pẹ kan wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Urhobo, tẹ ìwádìí jáde lórí wọn ní 1979. Ó fi hàn pé àwọn àtìpó wọ̀nyí jẹ́ ohun èlò fún ìdàgbàsókè ìgbèríko wa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló le jù. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò mú wàhálà wá, nítorí kì í pẹ́ nínú ilẹ̀; ṣùgbọ́n àlejò kì í gbin kòkó láìgba àṣẹ, kí igi má baà di ẹ̀rí pé òun ló ni ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a bí sí àgọ́, tí a bí bàbá rẹ̀ pàápàá síbẹ̀, lè ṣì máa jẹ́ ayálẹ̀dáko. Ní 1963, nígbà tí a yọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n tún di ọmọ ẹkùn mìíràn láìkúrò lójú kan.

“Sobo” ni ìjọba amúnisìn ń pè wọ́n títí di 1938, kí ó tó gba orúkọ náà Urhobo. Ó yẹ kí àwa tí a ṣì ń lo ti àtijọ́ jáwọ́.

Èdè wọn kò bá Yorùbá tan bí ti Itsekiri. Ẹdó àti Isoko ni ìbátan rẹ̀. Bíbélì odindi ní Urhobo ti wà láti 1977, ìjọ tí ó wà nítòsí àgọ́ sì lè máa ka ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀, nítorí àgbàlagbà lè ṣe “Àmín” sí ìwàásù Yorùbá láìgbọ́ ìdajì rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àgbà pé “Migwo”. Àgbà á sì dáhùn pé “Vrẹndo”, èyíinì ni pé, dìde.