Ìmọ́lẹ̀ àti ajílẹ̀ àpọ̀jù ń pa ẹja inú gíláàsì

Ọ̀pọ̀ àgbà ló mọ ojú oró àti òṣíbàtà. Orí odò ni wọ́n ti ń rí wọn láti kékeré, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣàdúrà kí àwọn lékè ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ewéko inú omi ti dé pálọ̀ báyìí, nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń gbìn síbẹ̀ jù ni Anubias barteri. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, etí odò inú igbó gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ń hù sí. Abẹ́ ibòòji ló mọ́ ọn lára, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ líle. Wọn kì í ri ìtàkùn rẹ̀ tó nípọn mọ́ iyanrìn, nítorí yóò jẹrà. Ara òkúta tàbí igi ni wọ́n ń fi òwú so ó mọ́.

Wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ni iná àpótí náà yẹ kó fi tàn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí oòrùn ojú fèrèsé bá ń kọ lù ú, omi yóò di àwọ̀ ewé, ohun tó ń yọ̀ yóò sì bo ewé àti gíláàsì.

Ní ti ajílẹ̀, ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ti lè ṣìnà. Ìgbẹ́ ẹja fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ajílẹ̀. Ẹni tó bá bu yúríà oko sínú omi náà ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹja ni, torí pé amóníà ni yóò dà, yóò sì jó ibi tí ẹja fi ń mí. Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja ló yẹ, kí wọ́n sì fi ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bẹ̀rẹ̀. Bí ewé tuntun bá ń pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irin ni kò tó o.

Lóru, ewéko pẹ̀lú ẹja ni wọ́n jọ ń mí afẹ́fẹ́ inú omi. Bí ẹja bá ń yanu lójú omi ní ìdájí, kí wọ́n dín ojú oró tó bo omi kù, kí wọ́n sì fi omi tí kò ní kẹ́míkà pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé àpọ̀jù ajílẹ̀ ń jó àgbàdo ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà: ìwọ̀n ni gbogbo nǹkan.